Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ajá Yín Pàgọ́ Létí Odò ní Gúúsù Kwara

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú ajá mi, Tanímọ̀la, lọ sùn létí Odò Òyún, inú omi ni àwa méjèèjì jí sí ní nǹkan bí aago méjì òru. Ibi tí mo pàgọ́ sí tẹ́jú, iyanrìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹní, mo sì ti ń yin ara mi pé mo mọ ibi tó dáa yàn. N kò mọ̀ pé ọ̀nà tí omi ń gbà nígbà òjò ni. Òjò kò tilẹ̀ kán lọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Òkè odò ló ti rọ̀. Ajá ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ń gbó, èmi ń bá a wí pé kó panu mọ́, àfi ìgbà tí bàtà mi léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

Nígbà tí a délé, ìyá mi wò wá láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́dẹ tó mú ajá wọgbó, ẹran ló ń gbé bọ̀. Ìwọ, kí lo gbé bọ̀?" Òtútù àti àgọ́ tó ń rùn ni mo gbé bọ̀. Ṣùgbọ́n a tún padà lọ, a kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ohun tí mo kọ síbí ni bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìrìn àjò títí di ẹ̀yìn ìgbà tí ajá bá padà sílé.

1. Ẹ mú àsìkò

Lọ́dọ̀ wa, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á sì dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Láàárín ìgbà náà, pàápàá nínú oṣù kẹsàn-án, odò máa ń kún dé ẹnu. Ẹ má pàgọ́ létí omi nígbà náà, ẹ̀ báà ní ajá, ẹ̀ báà má ní. Omi Òwu tó ń já láti orí àpáta ní Ọ̀wá-Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìgbà òjò ló wuni wò jù, tí ìkùukùu omi rẹ̀ ń rin èèyàn láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n àpáta ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ilá, èékánná ajá kì í sì í mú àpáta tó tutù. Ẹ dá lọ wò ó nígbà òjò, kí ajá ṣọ́ ilé.

Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Omi ṣì wà nínú odò, ó ti ń mọ́, ilẹ̀ ti gbẹ, wọn kò sì tíì máa ti iná bọ igbó. Tó bá ti di oṣù kìíní sí ìkẹta, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké á ti gbẹ ku kòtò omi kọ̀ọ̀kan tí kò ṣàn, omi bẹ́ẹ̀ kò sì ṣe é gbójú lé. Ọyẹ́ tún ń bẹ níbẹ̀: ọ̀sán á mú janjan, òru á tutù, ajá ìbílẹ̀ wa tí irun rẹ̀ kúrú á máa gbọ̀n. Iná igbó ni mo bẹ̀rù jù lásìkò yẹn. Ó máa ń sáré ju ẹni tó ń ká àgọ́ lọ.

2. Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wo máàpù

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láì fepo bọyọ̀. Àwọn ajínigbé ti ṣọṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Èkìtì láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Igbó tí àwọn bàbá wa máa ń wọ̀ tòun ti àdá nìkan, a kì í wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ má wá igbó tó dá páropáro. Ohun tí ẹ ń wá ni oko ẹni tí ẹ mọ̀, tó wà lẹ́bàá odò, tí abúlé kò sì jìnnà sí i. Tàbí ọgbà tó ní odi àti ẹ̀ṣọ́. Ajá yín lè gbó, kò lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìròyìn oṣù tó kọjá kò wúlò. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an ni kí ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí yín tó ti ń gbé Èkó láti ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ má lọ. Bí wọ́n bá ní ọ̀sán dára ṣùgbọ́n kí ẹ má sùn, ẹ mú ajá lọ lówùúrọ̀, kí ẹ padà sùn ní Òmù-Àrán tàbí ní Ọ̀fà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ajá mi kò sì bínú sí mi.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Màá kọ́kọ́ lọ sí abúlé náà lọ́sàn-án, láìgbé ẹrù, láìmú ajá. Màá béèrè ilé baálẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá."

"Hòo, ẹ káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Láti Ìlọrin la ti wá. A fẹ́ tọrọ àyè láti sùn sẹ́bàá odò yín lálẹ́ Sátidé, èmi, àbúrò mi kan, àti ajá mi."

"Ajá? Ṣé ajá ọdẹ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ajá ilé ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbéèrè yẹn ṣeré. Ẹni tó mú ajá ọdẹ wọ igbó onígbó ń bọ̀ wá pa ẹran wọn ni, ojú tí wọ́n á sì fi máa wò yín láti ìgbà náà lọ yóò yàtọ̀.

Níbẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè gbogbo ohun tó kù. Ṣé odò yìí ní èèwọ̀, ṣé wọ́n ń bọ ọ́, ṣé ajá lè fẹsẹ̀ bọ̀ ọ́? Odò mìíràn wà tí ajá kò gbọ́dọ̀ dé etí rẹ̀, ìyẹn kò sì níyàn jíjà nínú. Apá ibo ni wọ́n ti ń pọn omi mímu? Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni kí ajá yín ti wẹ̀, kì í ṣe òkè rẹ̀. Ibo ni àwọn màlúù ti ń mu omi? Ṣé ọ̀nì wà níbẹ̀? Apẹja ni kí ẹ bi ní ìbéèrè ọ̀nì, wọn kì í purọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín mọ olórí ọdẹ tàbí àwọn fijilanté, kí wọ́n mọ àgọ́ yín, kí wọ́n sì fojú rí ajá náà lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ará Ìlọrin kò nílò kí n sọ, ṣùgbọ́n àlejò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tàbí ohun èlò wọn, nítorí ìrun. Ẹ má mú ajá wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ mú un wọlé. Ẹ má fi igbá tàbí ike onílé fún ajá lómi, kódà bí onílé bá ní kò burú. Ẹ mú abọ́ ajá tiyín lọ́wọ́, kí ó sì dá yàtọ̀ pátápátá sí abọ́ tí ẹ̀yin fi ń jẹun.

Àti pé: ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, irú ti Kainji tàbí ti Ọ̀yọ́ Ilé, kì í ṣe ibi tí à ń mú ajá lọ. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

3. Dókítà ẹranko, ní oṣù kan ṣáájú

Oṣù kan ni mo sọ, kì í ṣe ọjọ́ kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó múlẹ̀ lára ajá tó ń gba irú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ajá tó ti pé oṣù mẹ́ta lè gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tún un gbà bí dókítà bá ṣe kọ ọ́ sínú káàdì, lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ. Ẹ ó bá ajá abúlé pàdé níbẹ̀, ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Bí ajá èyíkéyìí bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró wo bóyá àìsàn máa yọ. Tí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é.

Ẹ tún béèrè fún àjẹsára àìsàn tí ìtọ̀ eku ń kó sínú omi àti ẹrẹ̀, èyí tí dókítà ń pè ní leptospirosis. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un fún ajá tí kò gbà á rí, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin láàárín. Àìsàn náà ń ran èèyàn, nítorí náà ara yín náà ni ẹ ń tọ́jú. Lẹ́yìn èyí, oògùn eégbọn, yálà èyí tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn tàbí èyí tí ajá ń gbé mì. Ní Ìlọrin, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin wà, àwọn dókítà aládàáni náà sì wà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó lè gbé fóònù lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé, torí bátìrì fóònù máa ń kú.

4. Ẹ kọ́ ajá nílé

Nǹkan mẹ́ta péré ni mo ń wá: kí ó wá nígbà tí mo bá pè é, kí ó fi ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì sùn nínú àgọ́ láìya á.

Wàrà ni mo fi kọ́ Tanímọ̀la. Wàrà funfun tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, tí wọn kò tíì dín, tí kò sí ata tàbí iyọ̀ nínú rẹ̀, mo gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Mo pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó wá, mo fún un ní ẹyọ kan. Mo ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nínú ọgbà, lẹ́yìn náà lójú títì, lẹ́yìn náà níbi tí adìẹ wà. Ibi adìẹ nìdánwò wà. Ajá tí kò lè fi adìẹ sílẹ̀ ní àdúgbò Táńkẹ̀ ní Ìlọrin kò ní fi ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú igbó. Ẹ má fún un ní wàrà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, inú ajá mìíràn kì í gbà á.

Ẹ na àgọ́ sínú ọgbà yín fún òru méjì. Ẹ tẹ́ ẹní ajá náà síbẹ̀, èyí tó ti ní òórùn ara rẹ̀, kì í ṣe tuntun. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò ní dí ajá ìgboro lọ́wọ́ oorun, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ oko lè dí i. Ohùn òwìwí kan péré, ó ti dìde.

5. Ẹrù ajá

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Ajá tó wọn kílò 15 ń mu tó nǹkan bí lítà kan lóòjọ́ nílé. Lójú oòrùn pẹ̀lú ìrìn, ẹ ṣírò rẹ̀ sí lítà méjì. Fún ọjọ́ méjì, mo ń gbé lítà márùn-ún fún ajá nìkan. Bí ó bá tán, ẹ se omi odò kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ jẹ́ kó tutù.

Ìgbànú àyà sàn ju ti ọrùn lọ, torí ẹ ó nílò ibi tí ẹ lè fi fa ajá jáde nínú omi láìfún un lọ́rùn. Okùn kúkúrú kan fún ìrìn, okùn gígùn mítà márùn-ún sí mẹ́wàá kan fún orí ilẹ̀. Nínú àpò ìtọ́jú: báńdéèjì, omi iyọ̀ tó mọ́ fún ojú àti ọgbẹ́, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ fún eégbọn àti ẹ̀gún, tẹmómítà, àti ẹ̀mú tó lè gé wáyà. Èyí tó kẹ́yìn yìí lẹ ó rò pé àsọdùn ni. Ní ọdún kejì wa, Tanímọ̀la kọ́ ẹsẹ̀ sínú okùn wáyà tí wọ́n dẹ fún ọ̀yà léteetí oko ẹ̀gẹ́ kan. Bó ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fún. Mo da aṣọ bò ó lójú kó lè fara balẹ̀, kó má sì bù mí jẹ, àmọ́ n kò ní ohun tí mo lè fi gé wáyà náà. Ó gbà mí ní bí ìdajì wákàtí kí n tó fi ọwọ́ tú u. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀mú yẹn ni mo ń kọ́kọ́ kó sínú àpò.

Ẹ fi nǹkan tó ń dán lójú iná sí ọrùn ajá, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín tí ẹ kọ sára rẹ̀ kedere.

6. Ojú ọ̀nà

Awakọ̀ gáréèjì lè ní òun kì í gbé ajá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọkọ̀ tiyín tàbí èyí tí ẹ háyà ló rọrùn. Ẹ má fún ajá lóúnjẹ láàárín wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó gbéra, kó má baà bì. Bí ẹ bá ń gba Ìdófìán lọ sí Ajàṣẹ́-Ìpo, kí ẹ tó ya sí Orò àti Òmù-Àrán, ẹ dúró lẹ́ẹ̀kan kó na ẹsẹ̀, pẹ̀lú okùn lọ́rùn rẹ̀ o, torí tírélà kì í ya fún ajá. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹnì kan dúró ti ajá. Inú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa lójú oòrùn a máa gbóná bí ààrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ rí i pé ilẹ̀ kò ṣú yín lójú ọ̀nà; aago méjì ọ̀sán ni mo fẹ́ máa débẹ̀.

7. Ibi tí àgọ́ yóò wà

Ẹ wo igi àti koríko etí odò. Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí, ewé gbígbẹ tàbí ọ̀rá tó so kọ́ ẹ̀ka igi, ibi tí omi ga dé nígbà tó kún nìyẹn. Òkè ibẹ̀ ni ẹ ó ti pàgọ́, nǹkan bí mítà 60 sí omi, nǹkan bí ìgbésẹ̀ gígùn 70. Iyanrìn tó rọ̀ tó sì tẹ́jú létí omi, mo ti sọ ohun tó fojú mi rí níbẹ̀.

Ẹ gbá ilẹ̀ náà mọ́, kí ẹ wo abẹ́ òkúta nítorí àkekèé àti ejò. Ẹ wò bóyá ojú ọ̀nà ìjàlọ gba ibẹ̀. Ìjàlọ ló jẹ́ kí n má so ajá mọ́ ìta lóru láé. Èèyàn á sá, adìẹ á fò, ajá tí wọ́n so mọ́ igi ni wọ́n ń jẹ láàyè. Bí wọ́n bá yọ sí yín, ẹ má bá wọn jà, ẹ ṣí àgọ́ kúrò.

Ẹ rìn yí ibẹ̀ ká tòun ti ajá lórí okùn kúkúrú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ń wá tàkúté, ìgò fífọ́, ìwọ̀ ẹja tí ìjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àti èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tútù, èèpo rẹ̀ àti omi tí wọ́n fún kúrò lára gààrí ní májèlé tó lè pa ajá. Bí oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ti rọ láìbójúmu, tí koríko rẹ̀ pọ́n bí ẹni pé iná rà á, wọ́n ti fín oògùn apakoríko síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ajá gba ibẹ̀ kọjá.

8. Nínú omi

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà.

Kì í ṣe gbogbo ajá ló mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àwọn tí imú wọn pẹlẹbẹ, àyà wọn gbòòrò, ẹsẹ̀ wọn kúrú, rírì ni wọ́n ń rì. Ẹ má ju ajá sínú omi kó lè "kọ́ ọ". Ẹ̀yin ni kí ẹ wọlé ṣáájú, níbi tí omi kò ti kọjá orúnkún, kí ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ lé yín bó bá wù ú. Bí ẹ bá rí ẹ̀wù ìléfòó ti ajá rà, èyí tó ní ọwọ́ ìdìmú lẹ́yìn, owó yín kò ṣòfò.

Kí ó tó wọlé, ẹ ju ewé kan sínú odò, kí ẹ sì rìn kíákíá lẹ́bàá rẹ̀. Bí ewé bá ṣáájú yín, omi náà le ju fún ajá. Ẹ tún rìn lọ sí ìsàlẹ̀ odò, kí ẹ wo ibi tí ajá lè ti jáde bí omi bá gbé e, àti bóyá igi wó sínú omi níwájú. Igi tó wó sínú odò tó ń ṣàn burú ju ibú lọ: omi á gba àárín ẹ̀ka kọjá, ajá kò ní lè kọjá. Nítorí èyí kan náà, ẹ tú okùn gígùn kúrò lára rẹ̀ níbi tí omi bá ti ń sáré. Okùn á kọ́ gbòǹgbò. Tí ẹ kò bá lè fọkàn tán an láìsí okùn, kí ó máa wo omi láti òkè.

Bí omi bá gbé e, ẹ má bẹ́ sínú omi tẹ̀ lé e. Ẹ sáré gba etí odò lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀. Ajá sábà máa ń jáde fúnra rẹ̀. Olówó rẹ̀ tó bẹ́ sínú omi lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í sábà jáde.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ó sinmi. Ajá tó ń lé igi nínú omi léraléra ń gbé omi mì láìmọ̀, bó bá sì pọ̀ jù, á máa bì, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Dókítà ni ọ̀ràn yẹn kàn, kì í ṣe oorun.

Omi tí kò ṣàn ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí ojú adágún tàbí odò tí wọ́n sé bá ní èérí aláwọ̀ ewé tó dà bí ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀, kí ajá má fẹnu kàn án, kó má sì lá irun ara rẹ̀ tó bá ti bọ́ sínú rẹ̀. Ó lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ẹ bá rí òkú ẹja tó léfòó, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti da oògùn sódò. Ẹ kúrò níbẹ̀. Odò Àsà náà, bó ṣe ń gba àárín ìgboro Ìlọrin kọjá, ìdọ̀tí ìlú ló ń gbé. Kì í ṣe ibi tí ajá ti ń wẹ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Àrùn tí à ń pè ní àtọ̀sí ajá, tí èèyàn fi ń tọ ẹ̀jẹ̀, orúkọ ló fi jẹ ti ajá. Ìgbín kékeré inú omi tó rọra ń ṣàn tàbí tí kò ṣàn rárá ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, á sì gba awọ ara èèyàn wọlé. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ má sì dúró pẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Níbi tí odò bá ti ń sáré lórí òkúta, kòkòrò dúdú kékeré kan wà tó ń jẹni lójú ọ̀sán, òun ló ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú kiri. Ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀.

Tí wíwẹ̀ bá parí, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ajá, kí ẹ nu inú etí rẹ̀ gbẹ.

9. Oúnjẹ àti òru

Oúnjẹ tó ń jẹ nílé ni kó jẹ níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má rò pé nítorí pé ẹ wà nínú igbó, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ yín á tẹ́ ẹ lọ́rùn: alùbọ́sà inú ọbẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, egungun adìẹ tí wọ́n ti sè a máa fọ́ ṣóńṣó ní ìfun rẹ̀. Ṣokoléètì àti ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà náà, ẹ gbé wọn sókè.

Lálẹ́, inú àgọ́ pẹ̀lú yín ni ajá yóò sùn. Àwọn ọdẹ ń ṣọdẹ òru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí, ojú ẹran tó bá dán ni wọ́n ń yìnbọn sí. Ojú ajá ń dán bíi ti ẹtu. Nítorí èyí ni mo ṣe ní kí àwọn ọdẹ mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Tó bá fẹ́ tọ̀ lóru, ẹ mú un jáde lórí okùn kúkúrú, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ yín, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ. Mo máa ń bá Tanímọ̀la sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta epo.

Ẹ da omi sí iná títí ẹ fi lè fọwọ́ kan eérú rẹ̀ kí ẹ tó sùn.

Bí màlúù bá kọjá ní ìdájí, kí ajá wà lórí okùn. Màlúù kan tó fara pa lè di ẹjọ́ tí ọjọ́ méjì yín kò ní tó.

10. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

*Ooru.* Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Ara rẹ̀ lálàáfíà wà láàárín 38.3 sí 39.2 lórí tẹmómítà. Bó bá ti kọjá 40, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí erìgì rẹ̀ pọ́n fòò, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára títí dé ikùn, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ kọ́kọ́ tu ara rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀. Ẹ dáwọ́ omi dúró bí tẹmómítà bá sọ̀ dé nǹkan bí 39.5.

*Ejò.* Imú àti ẹsẹ̀ iwájú ni paramọ́lẹ̀ sábà máa ń bù jẹ lára ajá. Ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn. Ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pa. Ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, kí ẹ ti pè é lójú ọ̀nà. Bí sèbé bá tu oró sí i lójú, omi tó mọ́ ni, púpọ̀púpọ̀, fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán.

*Ọ̀pọ̀lọ́.* Ajá tó gbé e sẹ́nu á máa yọ ìfófòó. Ẹ fi aṣọ tútù nu erìgì àti ahọ́n rẹ̀, kí omi má ṣàn wọ ọ̀fun. Bó bá ń gbọ̀n tàbí tó ṣubú, dókítà.

*Eégbọn.* Ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ mú un níbi tó sún mọ́ awọ jù, ẹ fà á tààrà láìlọ́ ọ. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má da kẹrosíìnì sí i.

11. Ìpadàbọ̀

Ìgbẹ́ ajá, ẹ wa kòtò tó jìn tó ọwọ́ kan sí ibi tó jìnnà sí omi, nǹkan bí mítà 60, kí ẹ bò ó. Ẹ kó gbogbo ọ̀rá yín dání. Ẹ padà lọ kí baálẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti kúrò, torí bí wọn kò bá rí yín jáde, wọ́n lè rán ènìyàn wọ igbó wá yín.

Nílé, ẹ tú irun ajá wò: inú etí, abẹ́ apá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìrù. Ẹ tún un wò lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa wo ìtọ̀ àti erìgì rẹ̀. Bí erìgì bá funfun tàbí pọ́n bí pupa ẹyin, bí ìtọ̀ bá dúdú bíi Kóòkù, bí ó bá kọ oúnjẹ, àìsàn eégbọn tàbí ti omi ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ẹ sọ fún dókítà pé ajá náà sùn létí odò, kí ẹ sì sọ ọjọ́ rẹ̀, kó lè mọ ohun tí yóò wá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ sá àgọ́ sí oòrùn fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó ká a. Tèmi ti ọjọ́ kìíní yẹn, mo ká a ní tútù. Tanímọ̀la kò gbà láti wọ inú rẹ̀ mọ́ títí mo fi ra òmíràn.